Alhaja Tó Ń Ná Ìdárayá

Ẹni tó bá dé ilé ìtọ́jú kan báyìí ní Lapaz, ní ìlú Accra, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní ìrìn padà, ọjọ́ tí olóògbé Alhaja Ìsìlàmíyátù kọ́kọ́ débẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ ròyìn fún un. Hàkímù, ọ̀dọ́mọkùnrin físíò, olùkọ́ni ní ìdárayá, tí wọ́n fi Alhaja lé lọ́wọ́, ní kí ó jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Alhaja wo ẹsẹ̀, ó wo Hàkímù.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni ó wí.

Hàkímù rò pé kò gbọ́ òun yé ni. Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè kí ó lè rí i. Alhaja fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ká méje nínú wọn wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mama, wọn kì í ná èyí. Ìwòsàn ni."

"Kí ni wọn kì í ná? Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí pé ojú rẹ jọ ti ọmọ tí wọ́n kọ́."

Wọ́n fà á títí, wọ́n fẹnu kò sí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Nígbà tí ó gbé e tán, Alhaja tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní èènì nìyẹn. Hàkímù bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn.

Mamobi ni Alhaja ń gbé, ọṣẹ dúdú ló sì fi ọgbọ̀n ọdún ó lé tà ní ọjà Adabraka. "Alata samina" ni àwọn ará Ghana ń pe ọṣẹ náà, Alata yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe àwa Yorùbá. Alhaja a máa sọ pé nígbà tó ti jẹ́ pé orúkọ ìdílé òun ló wà lára ọjà, kò sí ẹni tó lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tà á. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ni apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀ fún un. Àwọn dókítà sọ fún Fàdílátù ọmọ rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ kò lè padà sí ìsọ̀ mọ́. Ẹbí ti ń jíròrò ẹni tí yóò gba ìsọ̀ náà. Alhaja gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Accra ni wọ́n bí Hàkímù sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí èdè bá há a lẹ́nu, a sá wọ inú Twi. Bí Twi náà kò bá gbà á, a bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ Alhaja, ó sọnù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó gbìyànjú ọgbọ́n kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ogún ló pè, kí wọ́n lè ná an dé mẹ́wàá. Alhaja mi orí tìyanu-tìyanu. Ó ní ọmọ tí ojú rẹ̀ tutù tó báyìí, ó ti ń bù lé ọjà. Nítorí ìwà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣe lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kí ó máa fún un, kí ìka rẹ̀ lè padà lágbára. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tó tún wá, ìṣù ọṣẹ dúdú kan ló mú dání, ó jókòó, ó ń pò ó. Kí oṣù tó parí, aláìsàn márùn-ún ló ń po ọṣẹ, ilẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú wọlé lọ́jọ́ kan, ó yọ̀, ó fìdí jókòó gbì. Alhaja wò ó dáadáa, ó ní kí ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ohun kan wá ń rú Hàkímù lójú. Pẹ̀lú ìwọ̀nba tí obìnrin yìí ń ṣe, kò yẹ kí ara rẹ̀ máa yá. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ń le sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó yẹ ìwé wò, ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè, kò sí ẹni tó yé. Níkẹyìn, ó pe Fàdílátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ló sọ pé láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá òun a mú tẹ̀súbáà, a sì máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè títí yóò fi ka ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tán. Fàdílátù rò pé Hàkímù ló pa á láṣẹ.

Hàkímù padà wọlé, ó bi Alhaja pé kí wá ni ìjà àwọn láti ọjọ́ yìí.

"Ọjọ́ tí mo bá gba iye tí o kọ́kọ́ pè, mo di aláìsàn nìyẹn," ni Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ná an, ọjà ni mo ṣì wà."

Hàkímù mú bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú káàdì rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù keje tó ti ń wá síbẹ̀, Alhaja fi ọ̀pá tilẹ̀, ó wọ Adabraka lọ fúnra rẹ̀. Hàkímù lọ kí i. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n ló fi gé ọṣẹ fún un, ó sì bínú pé Hàkímù rà á láìná an.

Ọdún méjì gbáko ló tún lò ní ìsọ̀ yẹn. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ó ti ìsọ̀ dé, ó kírun alásárì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Kò jí mọ́.

Hàkímù lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ní Mamobi. Èrò rẹ̀ ni pé òun yóò dúró lẹ́yìn èrò, òun yóò sì tètè máa lọ. Ìyá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ kí i kú àṣẹ̀yìndè. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó ní kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ sí. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Ó ní ó jọ pé wọ́n ṣi òun mọ̀. Èyí tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni Hàkímù, ọmọ Alhaja tó wà ní Lapaz, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò?"

Ó wo Fàdílátù. Fàdílátù sún díẹ̀ lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó tì í. Hàkímù wá Yorùbá tí yóò fi ṣàlàyé, kò rí i. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

Wọ́n ń sọ ìtàn Alhaja, ẹ̀rín ń sọ lórí ẹní, títí Alfa Sàláù, tó wá ṣe fídáù náà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ṣàdúrà fún àwọn ọmọ olóògbé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Hàkímù, tó béèrè orúkọ rẹ̀, Fàdílátù ló dá a lóhùn pé Hàkímù ni. Alfa dárúkọ rẹ̀ mọ́ wọn, Hàkímù sì ṣe àmín.