Ọmọbìnrin Onígbàjámọ̀ Erúnmu

Tọ́rọ́ ni wọ́n ń gbà fá orí wa nígbà tí mo wà ní kékeré ní Erúnmu, bàbá onígbàjámọ̀ á sì tún fi àdí pa á kó lè máa dán. Lónìí, ẹgbẹ̀rún náírà ni, kò sì sí àdí níbẹ̀. Mi ò bínú. Epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe omi odò.

Ní yunifásítì láyé àtijọ́, wọ́n kọ́ wa pé ibi tí iṣẹ́ bá ti dára, tí kò sì wọ́n, ni oníbàárà ń lọ. Ní Erúnmu, ẹni tó bá fá orí bàbá ló ń fá orí ọmọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi, ọmọ bàbá onígbàjámọ̀ yẹn, jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó jogún orí gbogbo wa mọ́ ọn.

Ìgbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò bí ọmọkùnrin. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, obìnrin tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ìwé, ló wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwa márùn-ún tí a jọ dàgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, a ò wọlé.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin bàbá mi."

"Kí obìnrin di orí mi mú?" Oníkòkó inú wa ló dáhùn. "Ìyàwó mi gan-an ò dán an wò rí."

"Orí wo?" ni tíṣà àárín wa wí. "Ṣé ìpàkọ́ tó kù ẹ́ kù yẹn?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ò dìde. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Á gbálẹ̀, á pọ́n abẹ, á jókòó. Àwọn ará ilé ní kó lọ kọ́ irun dídì.

"Iṣẹ́ bàbá mi ni mo mọ̀," ló wí. "Bí mo bá ti ilẹ̀kùn yìí, kò ní ṣí mọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí a tó lọ kírun, ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀pá tilẹ̀ dé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Kò kí wa. Ó jókòó sórí àga tí bàbá rẹ̀ àti òun ti ń fá orí wa láti ìgbà èwe, ó ṣí fìlà. Ọmọ rẹ̀ fi ọṣẹ pa á lórí, ó gbé abẹ. Nígbà tó fá a tán, bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì pa orí náà yíká, ó wò wá.

"Ta ló kàn?"

Èmi ni mo dìde.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tì títí di òní. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ. Tíṣà ti lọ. Télọ̀ tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ti lọ. Awakọ̀ inú wa ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́. Ilé rẹ̀ ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ fá orí rẹ̀. Oníkòkó wà, ìlú Olódò ló ṣì ń wọ mọ́tò lọ gẹrun, bẹ́ẹ̀ abẹ obìnrin yẹn ló ń fá orí gbogbo ọmọọmọ rẹ̀. Èmi náà wà.