Kí N Sìn Ọ́ Dé Títì

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé òun ń lọ, ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń gbọ́: "Dúró, kí n sìn ọ́ dé títì." Ní ilé wọn n'Ílàá, kò sí àlejò tí wọn kì í sìn, ìbáà jẹ́ ẹni tó wá yá àdá.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn n'Íbàdàn, ní páńkíríàsì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, dókítà ní kí wọ́n máa rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ikùn ń dùn mí. Jẹ́ kí n sinmi jàre."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo bínú, ẹ̀rù sì tún bà mí pé ìbínú mi lè dá kún ìrora wọn. Níkẹyìn, mo gbé báàgì mi.

"Bàbá, ó dàbọ̀ o. Mò ń padà s'Ílàá."

"Ìwọ nìkan? Dúró."

Wọ́n di bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n dìde. Mo bá wọn gbé ike tí omi ọgbẹ́ ń ṣàn sí, a sì rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Lọ́sàn-án, mo tún gbé báàgì. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, o ò kúkú ní í lọ!"

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti ń wá bàtà nílẹ̀.