Iṣu Tuntun Àrìnpé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọkọ tí bàbá mi, Ògúnbíyìí àgbẹ̀, jẹ́, ẹ bi àwọn obìnrin Akron, àdúgbò wa, tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin tó ń pọn omi fún ìyàwó! Ọkùnrin tó ń sá aṣọ obìnrin síta lójú gbogbo ayé! Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á wá dákẹ́, torí ọkọ tiwọn wà nínú ilé tó ń sùn.

Ọ̀nà Àjárá ni oko rẹ̀ wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, òjò ì báà máa rọ̀. Èmi Ọ̀ṣuntókí ni àkọ́bí rẹ̀, àgbàdo àti iṣu oko náà ló sì fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi lọ sí ilé ìwé àwọn Faransé. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí à ń kọ́, àmọ́ tí a bá ń kàwé, á jókòó tì wá, á máa mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Lọ́dún 1964, àìsàn inú dá ìyá mi, Àrìnpé, dùbúlẹ̀. Dókítà ní kí a gbé e padà, kí a máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Èmi gbọ́ Faransé, mo mọ ohun tó ń sọ. Bàbá mi wo ojú mi, òun náà mọ̀.

Ìyá mi ò jẹun mọ́. A gbé ẹ̀kọ wá, ó kọ̀. A gbé ẹja ọ̀sà wá, ó kọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ̀rọ̀: "Bàbá Ọ̀ṣuntókí, iṣu tuntun ni mo fẹ́ jẹ." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn ẹnu. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ iṣu tuntun ti wọ ọdún tuntun nìyẹn, ó ti kúrò ní ti èṣí.

Iṣu wà lóko, ó ti tó wà. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí òrìṣà tó jẹ ẹ́, ọdún òrìṣà sì ku oṣù kan gbáko. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe é, ọmọ inú ilé kan yóò kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lè máa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò lè rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀: nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ jẹ iṣu tuntun lọ́jà láìmọ̀, kò pẹ́ tí àbúrò tó tẹ̀ lé bàbá mi fi kú. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín.

Ó tọ Bàbá Fágbèmí, olórí ilé wa, lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá wa fa ọdún síwájú díẹ̀. Aláìsàn ló fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ògúnbíyìí, ṣé èmi ni mo ni ọdún ni? Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́rin, bàbá."

"Èwo lo fẹ́ fi ṣeré nínú wọn?"

Inú ń bí mi sí bàbá yẹn títí di òní. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣe? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ wá bàbá mi lóko. Ó dúró láàárín ebè, ó mú ọkọ́ dání, kò sì wa iṣu kankan.

"Ọ̀ṣuntókí, tí mo bá wà á, ẹ̀yin. Tí n ò bá wà á, òun." Ó bú sẹ́kún. N ò rí i kó sunkún rí, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tí a délé, ó ṣa èyí tó dára jù nínú iṣu èṣí tó ṣẹ́ kù. Ó sè é, ó bomi sí i dáadáa kó lè rọ̀ bíi tuntun, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí ìyá mi lẹ́nu.

"Tuntun rèé, Ìyá Ọ̀ṣuntókí."

Ìyá mi jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu. "Ó mà dùn o. Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Èmi náà ti bá ọdún."

Bàbá mi sáré gbé abọ́ jáde. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Ti èṣí ni, àbí?" Ó fà mí sún mọ́ ara rẹ̀. "Má sọ fún un pé mo mọ̀."

Kí oṣù ọdún tó lé, ó kú.

Lọ́jọ́ ọdún, Bàbá Fágbèmí pín iṣu tuntun kárí ilé. Bàbá mi mú tiẹ̀ dání, kò jẹ ẹ́. Mo jókòó tì í, ọ̀rọ̀ ń yún mi lẹ́nu, ìlérí sì dí mi lẹ́nu. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá rẹ mọ̀."

Mo yíjú sí i.

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò yin iṣu tuntun rí. Ó máa ń ní omi ló kún inú ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní ó dùn." Ó fi iṣu náà sí mi lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́. Torí yín ni n ò ṣe wà á fún un."

Mo jẹ ẹ́. Omi ló kún inú rẹ̀.