Màmá Tó Gba Ibòji fún Abiyamọ

"Ẹ gbé agolo yín sílẹ̀."

Ohùn Màmá kò lọ sókè, síbẹ̀ gbogbo obìnrin tó wà nínú oko ẹ̀fọ́ náà gbọ́. Omi tó ń dà ṣìṣì sórí ebè dá wáí. Oníkálukú dojú agolo ìbomirin rẹ̀ dé, ó jókòó lé e, ó káwọ́ lẹ́rán. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Àwọn tó wá ra ẹ̀fọ́ ti tò sétí oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó já ewé ṣọkọ kan.

Ẹ̀yìn Ṣógúnlé ni oko náà wà, nínú àbàtà tí kò tíì sẹ́ni tó lè kọ́lé sí. Bàlúù á máa fò kọjá lórí wa, ariwo rẹ̀ á sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Ìgbẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń dà sí ebè kí ẹ̀fọ́ lè yọ dáadáa. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń rùn àfìgbà tí ẹni tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì fọwọ́ dí imú nítorí òórùn ara mi. Lébìrà ni ìyá mi níbẹ̀. Lébìrà ni Màmá náà, aládùúgbò wa, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó dàgbà ju gbogbo àwọn obìnrin oko lọ. Bí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, èmi náà á bá wọn lọ di ẹ̀fọ́.

Àbúrò mi jòjòló ló dá wàhálà ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá mi ló máa ń wà nínú oòrùn, bí ìyá mi bá sì bẹ̀rẹ̀ láti tu koríko, orí rẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, ebi pa á, ó ké títí, ìyá mi sì lọ jókòó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti fún un lọ́mú. Ibẹ̀ ni ọ̀gá oko bá wọn.

"Màdáámù, oko ni mo gbà ẹ́ sí, mi ò gbà ẹ́ síléèwòsàn. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ wá lọ́la. Tó bá wá, ìwọ náà dúró sílé."

Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun, ìyá mi ò sì ní ẹni tó lè bá wọn gbọ́mọ. Wọ́n sunkún títí a fi délé. Màmá, tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wa, ò bá wọn sunkún. "Nu ojú ẹ," ni Màmá wí. "Pọn ọmọ ẹ wá lọ́la. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Màmá yà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọ̀gá oko rí wọn lórí agolo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á kó lébìrà mìíràn wá láti Òṣòdì.

"Ẹ máa lọ," ni Màmá fèsì. "Kẹ́ ẹ tó dé, oòrùn á ti là. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n já nínú oòrùn, ta ló fẹ́ rà á?"

Inú àwọn oníbàárà ti ń ru. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ dá wọn lóhùn jàre! Ṣé torí ọmú lẹ ó ṣe jẹ́ kí oòrùn ká wa mọ́bí? Abeg o!"

Mo di ìró ìyá mi mú, mo ń rò pé wọ́n máa lé gbogbo wa lónìí. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà ń hanrun ní tiẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?" ni ọ̀gá oko bi Màmá.

"Ibòji. Ẹ bá wa fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà kan, kí ọmọ rí ibi sùn. Bí oòrùn bá kàn àtàrí, ká sinmi níbẹ̀, kí abiyamọ fọ́mọ lọ́mú. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa lé."

Ọ̀gá oko wo sánmà, ó wo àwọn oníbàárà, ó ní ó ti dáa. Àwọn obìnrin dìde, ọ̀bẹ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ara tù mí débi pé mo bú sẹ́kún, ìyá mi sì ní kí n yé dójú ti àwọn. Kò pẹ́ tí àwọn oko yòókù nínú àbàtà náà fi ṣe àtíbàbà tiwọn, torí lébìrà ò fẹ́ lọ síbi tí kò sí ibòji mọ́.

Jakande Estate ní Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ dàgbà pè mí, ó ní káńsù ti kọ́ ibòji oníbúlọ́ọ̀kù fáwọn òṣìṣẹ́ oko, wọ́n sì ti kọ orúkọ Màmá gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Kó tó sọ èyí tó kù, káàdì rẹ̀ tán. Níbi tí mo dàgbà sí, olóògbé ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Mo wé gèlè dúdú, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì ń sunkún lọ sí oko náà.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ ibòji náà ni Màmá fúnra wọn, lórí àga onírọ́bà, tí wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

"Ta ló kú?" ni wọ́n bi mí, ojú wọn lórí gèlè mi.

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Àwọn ọmọ mi náà ò fẹ́. Wọ́n ní kíkọ orúkọ sára ògiri, ti òkú ni. Mo ní kí káńsù tètè kọ ọ́. Òkú kì í gbọ́ ẹ ṣeun."

Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo dúpẹ́ fún èmi, mo dúpẹ́ fún ìyá mi tó ti lọ, mo sì dúpẹ́ fún àbúrò mi. Màmá fi ọwọ́ sí etí, wọ́n ní kí n sọ ọ́ sókè, mo sì sọ ọ́ sókè. Inú mi dùn pé mo bá etí náà láyé.

Èmi ò gbóyà tó wọn. Mò ń bójú tó àwọn obìnrin tó ń di bísíkíìtì ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, mo sì ń bẹ̀rù àwọn ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí bá bímọ tó padà síṣẹ́, mi ò lè jẹ́ kó bẹ̀ mí kó tó lọ fọ́mọ lọ́mú. Màmá ti bá a ja ìjà yẹn kí wọ́n tó bí i.