Bí Màmá Sweden Ṣe Kọ́ Mi Láti Bá Àgbà Jiyàn

Ìkúnlẹ̀ ni mo fi kí ìyá arúgbó ará Sweden tí wọ́n gbà mí pé kí n máa tọ́jú ní Collegno, lẹ́bàá ìlú Turin ní Italy. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni, wọ́n fẹ́ gbé mi dìde, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn, díẹ̀ ló kù kí àwa méjèèjì jọ wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Màmá ni mò ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò bímọ rí.

Olùkọ́ ni Màmá. Ọmọge ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Turin, tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò tíì sí irú rẹ̀ ládùúgbò náà. Àwọn ọkọ máa ń wá wọ́ ìyàwó wọn jáde nídìí ìwé. Màmá á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jókòó dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ náà, wọn ò ní dìde. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín á máa pa mí, torí mo mọ bí orí wọn ṣe le tó.

Ọdún tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ṣe esame, ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú aláìsàn. Ìwé ẹ̀rí yẹn nìkan ló lè gbé mi dé ọsibítù, kí n ní contratto gidi, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Mo kàwé, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu, professoressa, olùkọ́bìnrin tó ń ṣe ìdánwò náà, tí wọ́n ti hewú, fẹ́ dán mi wò. Wọ́n ní, "Tí aláìsàn bá ṣubú, apá la máa fi fà á dìde kíákíá, àbí?"

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí n ó wo àgbà lójú, tí n ó ní irọ́ ni? Mo wo ilẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Sì, professoressa." Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Sì, professoressa. Ilé tó dáa ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló jẹ́ kí n fìdí rẹmi.

Mo sunkún nínú metro, ọkọ̀ ojú irin, títí mo fi délé. Màmá gbá tábìlì. "O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́?"

Ṣebí Yorùbá náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. N kò mọ̀ pé òwe náà dé iwájú professoressa.

Láti ọjọ́ kejì, Màmá ò mu kọfí àárọ̀ mọ́ àyàfi tí mo bá bá wọn jiyàn. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, wọ́n á ní, "Padua ni olú ìlú Italy." Mo máa ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó dà bí ẹni pé..." Wọ́n á ti kọ́ọ̀pù sẹ́yìn. "Wò mí lójú. Tún un sọ." Kọfí á tutù, wọ́n á ní kí n gbé òmíràn wá. Ó tó oṣù méjì kí n tó lè sọ "rárá" láìkọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, a jọ rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé.

Nígbà tí esame padà dé, professoressa kan náà ni. "Tí ara aláìsàn bá pọ́n níbi tó fi sùn, a ó fi ọwọ́ ra á dáadáa, àbí?" Mo rántí Màmá lórí àga ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo gbójú sókè.

"Rárá, professoressa. Ìyẹn á dá egbò sí i lára. Ṣe la máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yege.

Nígbà tí mo délé, Màmá ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fajú ro. "O tún wo ilẹ̀, àbí? O ò yege."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ì bá gbá mi lẹ́nu fún ló bọ́ lẹ́nu mi, tòun ti ariwo:

"Ẹ parọ́, Màmá!"

Wọ́n ju ọ̀pá nù, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ayọ̀ kún inú mi, mo bá kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò gbìyànjú àtigbé mi dìde. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Ọmọ mi."