Ta Ló Ń Béèrè?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá yìí fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní báńkì, tó ń gbowó lọ́wọ́ aráyé, kò sì sówó tó gbà rí tí kò gbé sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀. Kí ọ̀gá báńkì fúnra rẹ̀ kówó wá, á gbé e sókè. Kódà nígbà ayé ọkọ rẹ̀, bó bá fún un lówó oúnjẹ, á kọ́kọ́ rìn dé ojú fèrèsé ná. “Ṣó dá ẹ lójú?” ni ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo èèyàn, òun náà ló sì di orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi báńkì sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá a délé: Ìyá Ṣó-dá-ẹ-lójú.

Ẹ má bú u. Ìfura loògùn àgbà, ó sì nídìí tó fi ń lo oògùn náà láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ọkùnrin kan tó múra dáadáa, tó ń rẹ́rìn-ín, tó tún béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, gbé ìdì owó kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú tì í láti gbé owó ẹni tó ń béèrè ìyá òun sókè. Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Inú owó oṣù rẹ̀ ni báńkì ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi gbàgbé bí owó oṣù tó pé ṣe ń rí. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní tiẹ̀, nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó máa ń rí àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń sùn sórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, tí àwọn tó ń nulẹ̀ á wá fi omi jí wọn láàárọ̀. Ó bá háyà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lódìkejì ọsibítù náà, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa wá sùn. Ẹni tó bá lówó á mú nǹkan sílẹ̀, ẹni tí kò bá ní á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ilé Ìdúró ni wọ́n ń pè é. Ìyá Ṣó-dá-ẹ-lójú wá kí àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, kò sì padà mọ́. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, onílé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n kí wọn tìwàtìwà, wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ilé, pé nítorí iṣẹ́ àánú tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, òun làwọn máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ìparí ọdún tí kò rówó, ẹnì kan wà tó fẹ́ rà á, kó wó o, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá wó ilé yìí, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń sùn lókè yẹn ń padà sí.

Dókítà kan ló sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kan wà ní láíbìrì ìlú, pé ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí láíbìrì ń sanwó fún, téèyàn ti lè rí orúkọ gbogbo àjọ tó ń fowó ṣàánú, ohun tí wọ́n fẹ́ràn, àti ẹni tí wọ́n ti fún rí.

“Ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ, Àǹtí mi,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Orúnkún mi ò lè gun àtẹ̀gùn láíbìrì. Ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ nípa owó.”

“Owó ni mo mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń pín in kiri.”

Ó lọ ṣá. Ọ̀gá láíbìrì, ọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń kàwé, fi í jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ó ní kó kọ ohun tó ń wá. Ó kọ “ọsibítù.” Orúkọ àjọ bá ń ya wá bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́.

“Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń fúnni lówó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Wọn ò ní gbà á padà?”

“Wọn ò ní gbà á padà.”

“Ṣó dá yín lójú?”

Ọ̀gá láíbìrì rẹ́rìn-ín. Ó fi bó ṣe máa dín wọn kù hàn án: irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n wà, irú èèyàn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. “Ẹ má wo ohun tí wọ́n sọ nípa ara wọn, Màmá. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ibi tí wọ́n kọ ẹni tí wọ́n fún sí ni kẹ́ ẹ máa ṣí.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyá wa lára. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nì kan máa kọ́ ọ ní ìfura tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó sọ láíbìrì di ẹnu iṣẹ́, ó ń gbé àwọn àjọ náà sókè nínú ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ní ọ̀rọ̀ aláìsàn ló jẹ òun lógún, ilé ẹ̀kọ́ tẹníìsì ló ń fún lówó lọ́dọọdún. Tọ̀hún, orúkọ bàbá kan náà ni gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́. “Ẹ wò ó, ìyá, ọmọ, ìyàwó ọmọ! Ìpàdé nìyí àbí oúnjẹ alẹ́?” Òmíràn ní àwọn kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹni táwọn ò bá pè.

“Báwo lẹni tí wọn ò mọ̀ ṣe máa wá di ẹni tí wọ́n pè?”

“Màmá, gbogbo ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ yẹn ló ti béèrè ìbéèrè yìí.”

Bó ṣe ń yọ wọ́n dànù, ó wá ku ẹyọ kan. Àjọ kékeré ni. Kò ní sáìtì, kò ní fọ́tò ẹnikẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló fi síta. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti fún lówó, ilé tí mọ̀lẹ́bí aláìsàn ń sùn ni wọ́n ní, àwọn kan nínú wọn sì fi owó náà ra ilé. Inú ọ̀gá láíbìrì dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pariwo.

Inú ìyá wa bàjẹ́. “Ó bá wa mu jù,” ló wí. Ní báńkì, owó tó rún, tó ń rùn, kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èyí tó ń dán lèèyàn ń gbé sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló jókòó síbì kan tó ń ro ti ẹni tó ń sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn? Kí ló ń wá gan-an?

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bínú sí i, ó tún bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn wọ́n jọ kọ lẹ́tà náà. Àmọ́ nígbà tó kan nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ti ara rẹ̀ ni ìyá kọ síbẹ̀. “Bí wọ́n bá jẹ́ olè,” ó ní, “èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá.”

Fóònù náà dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ohùn obìnrin àgbà kan ni, ó gbẹ, kò sì yára.

“Ẹ káàsán o. Ṣé Ilé Ìdúró nìyẹn?”

“Ta ló ń béèrè?”

“Èmi ni mo ń béèrè. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹni tẹ́ ẹ pè ni.”

“Ó dáa. Èèyàn mélòó ló sùn síbẹ̀ lánàá?”

“Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

“Ta ló ni ilé náà? Ṣé obìnrin tó kọ lẹ́tà ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́?”

Ìyá wa gbé fóònù sí etí kejì. Ẹ ò rí i, wọ́n ti ń béèrè onílé. Wọ́n ti ń béèrè àbúrò òun. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. “Ẹ gbọ́, mo mọ irú yín,” ó ní. “Kò sí ilé kankan níbí. Ẹnikẹ́ni ò sùn níbí lánàá, ẹnikẹ́ni ò sì kọ lẹ́tà. Ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́.” Ó pa fóònù, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀, ó ń fi imú kọrin.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ròyìn fún àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ti ojú ogun dé. Ó ṣe ohùn obìnrin náà, ó ṣe tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì rọra fi ṣíbí sílẹ̀.

“Kí ló ní òun fẹ́ mọ̀, Àǹtí mi?”

“Iye èèyàn tó sùn síbí.”

“Ṣé ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì wa?”

“Rárá.”

“Ṣé ó ní ká fowó ránṣẹ́?”

Ìyá Ṣó-dá-ẹ-lójú ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ rẹ̀.

“Àǹtí mi, olè á béèrè ibi tówó wà. Kò ní béèrè iye èèyàn tó sùn.” Kò pariwo. Ó dìde, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó wọ yàrá lọ, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ìyẹn ló dun ìyá jù, torí pé láti kékeré ni àbúrò rẹ̀ kì í ti í fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó pe nọ́ńbà náà padà, kò sẹ́ni tó gbé e. Ilẹ̀ mọ́, ó tún pè, wọn ò gbé e. Ó wá yé e pé ohun tí òun náà ì bá ṣe gan-an lobìnrin yẹn ń ṣe: ẹni tó bá ti purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, kì í gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, irú èyí tí kò bà á mọ́ láti ọjọ́ ìdì owó ayédèrú ọjọ́sí. Ó lọ sí láíbìrì, ó ṣí ojú ewé àjọ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta awò ojú ni ọ́fíìsì náà wà. Kò sí àkọlé kankan. Ihò kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn, ìyá wa sì rí i pé ojú wà nínú ihò náà.

“Ta ni?”

“Èmi ni.”

“Ta ń jẹ́ èmi?”

“Mo wá rí àwọn àjọ tó wà níbí.”

“Ta ló sọ fún yín pé àjọ kan wà níbí?”

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ìyá wa fọwọ́ ti ògiri. “Èmi ni mo sọ lórí fóònù pé kò sí ilé kankan,” ó ní. “Irọ́ ni mo pa. Ilé wà.”

Kọ́kọ́rọ́ yí lọ, ó yí bọ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Obìnrin tínínrín kan tó wọ súwẹ́tà ló wà níbẹ̀. Ó fi díẹ̀ ju ìyá wa lọ lọ́jọ́ orí, ó sì wò ó látòkè délẹ̀. Òun nìkan ni òṣìṣẹ́ àjọ náà. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti wádìí kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, torí pé àwọn tó ń kọ lẹ́tà nípa ilé tí kò sí pọ̀ ju àwọn tó nílé lọ.

“Ẹ ní kò sílé. Ẹ tún ní ilé wà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?”

Ká ní ìyá sunkún ni, obìnrin náà ì bá ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí òun ì bá fẹ́ ká ní òun ló jókòó síbẹ̀. “Ẹ má gba ìkankan gbọ́,” ó ní. “Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ wá sùn níbẹ̀. Ẹ má sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá fún mi.”

Obìnrin náà wò ó títí. “Ẹ̀yin ì bá mọ iṣẹ́ yìí í ṣe,” ló sọ.

Kò sọ ọjọ́ lóòótọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀ ló dé, ó gbé báàgì, ó tún gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ dání. Wọ́n fi í sí yàrá kan pẹ̀lú obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà nílé iṣẹ́ abẹ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tẹ ògiri wò. Ó ń bi àwọn tó ń sùn níbẹ̀ léèrè ìgbà tí wọ́n ti dé, àti bóyá ẹnì kan ló kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọsibítù ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kó máa bọ̀, wọn ò sì sọ ìdí. Obìnrin àjọ ló dì í mú sọdá títì, láìwọ bàtà. Ọmọ náà ti lajú, omi ló ń béèrè. Nígbà tí obìnrin àjọ padà dé, kò wádìí nǹkan kan mọ́.

“Mi ò ṣèlérí o,” ó ní lẹ́nu ọ̀nà.

“Ká ní ẹ ṣèlérí ni, ǹ bá fura sí yín,” ni ìyá dá a lóhùn.

Àbọ̀ owó ilé náà ni àjọ náà fi ránṣẹ́ kí ọdún tó parí. Àwọn ọmọ onílé gbà á, wọ́n ní àwọn máa ní sùúrù de ìyókù, ìyá wa sì gbé ìwé àdéhùn wọn lọ sójú fèrèsé. Nítorí ìyókù yẹn, ó ti padà sídìí kọ̀ǹpútà láíbìrì, ó tún ń ṣí ibi tí wọ́n kọ ẹni tí wọ́n fún sí, ó tún ń bi ọ̀gá láíbìrì bóyá ó dá a lójú. Àṣà kan ṣoṣo ló ń gbìyànjú láti fi sílẹ̀, kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún, nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ohùn ọkùnrin kan ni, ariwo mọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìyàwó mi dúró sí ọsibítù ni. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà yìí, wọ́n ní ilé kan wà téèyàn lè sùn. Ṣé ibẹ̀ nìyẹn?”

“Ta ló ń béèrè?” ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń ká, ó ń wò ó. Ìyá gbé e mì.

“Ibẹ̀ nìyí.”

“Tí mo bá dé, ta ni kí n béèrè?”

“Ẹ má béèrè ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Ilẹ̀kùn ò tì. Ẹ ṣáà máa wọlé bọ̀.”

Ó pa fóònù, ó sì sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn náà, torí pé ó ti tì í pa.