Orí Kòhewú

Télọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Kòhewú, nítorí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun orí rẹ̀ ṣì dúdú bí kóró iṣin. Tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kì í hewú. Irọ́ a máa dùn lẹ́nu ẹni tó ti ń pa á tipẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra rẹ̀, tí á fi dáì kun ìdì irun funfun kan tí wọ́n bí mọ́ ọn níwájú orí. Ìyàwó tó pẹ́ kó tó fẹ́ rò pé àdúrà ló ń gbà.

Nígbà tí ìyàwó bí ọmọbìnrin, ìdì irun funfun wà níwájú orí ọmọ náà bí òwú. Kòhewú wo ọmọ, ó wo ìyá rẹ̀, kò ro ti orí ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kò sí irú èyí nílé bàbá òun, kí obìnrin lọ wá ẹni tó ni ín. Ó ká ẹní, ó lọ ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù láàrin àjákù aṣọ. Ìbínú tó bá lọ kò jẹ́ kó rántí mú dáì. Oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò ríbi sá sí kun orí. Ó bá ń dé fìlà.

Lẹ́yìn oṣù kan, dókítà pe àwọn méjèèjì, ó fẹ́ yẹ etí ọmọ wò. Kòhewú sáré wá, ó rò pé wọ́n fẹ́ kọ̀wé fún òun pé òun kọ́ ló ni ọmọ.

Dókítà ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ kéékèèké wà lára wa tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, jíìnì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan ń jẹ́ PAX3. Purotéènì tó ń ṣe dà bí ọ̀gá níbi iṣẹ́: látinú oyún ló ti ń pàṣẹ fún àwọn jíìnì mìíràn nípa ibi tí àwọ̀ yóò dé. Bí àṣẹ bá dín kù, àwọ̀ lè má dé iwájú orí, etí sì lè di. Lára òbí kan ló ti sábà máa ń wá.

Ìyàwó tú ìwérí. Irun dúdú ni.

“Bàbá, ẹ ṣí fìlà,” ni dókítà wí.

Ó ní òtútù ń mú òun. Nígbà tó wá ṣí i, òkú tó ti ń sin láti ọgbọ̀n ọdún ti yọ ẹsẹ̀ síta: funfun nídìí irun, dáì lókè.

“Bàbá ọmọ mi,” ni ìyàwó wí jẹ́ẹ́jẹ́, “ṣé nílé bàbá yín nìyẹn, àbí ẹ yá a ni?”

Etí ọmọ gbọ́ dáadáa. Ìyàwó ní ọkọ òun lè padà sílé, tó bá ti da dáì nù. Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà àkọ́kọ́ wo iwájú orí rẹ̀ títí, ó bi í pé inú tó mọ́ yẹn ńkọ́.